Àmì pupa orí ìbọn ìléwọ́: bí wọ́n ṣe ń dè é, ìdí tó fi ń tú, àti ibi tí òfin wà

Ẹni tó bá ń gbá Call of Duty lórí fóònù ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí. Gíláàsì kékeré kan jókòó sórí ìbọn, àmì pupa tíntín kan wà láàárín rẹ̀, ibi tí àmì yẹn bá bà lé ni ọta ń lọ. Nínú géèmù, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ó ti dúró síbẹ̀, ó parí. Kò sí skúrù, kò sí gọ́ọ̀mù, kò sì ní tú láé. Lójú ayé, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Houston ló jẹ́ kí n wádìí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, ó ti gba green card, ó ra ìbọn ìléwọ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù bá a de àmì pupa mọ́ lórí. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ mi o. Mo yin ọta bí ọgọ́rùn-ún ní pápá ìyìnbọn. Nígbà tó yá, ọta ò lọ síbi tí àmì ń tọ́ka sí mọ́. Mo fọwọ́ kan gíláàsì yẹn, ó ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà." Kí n tó parí ìwádìí lórí tirẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ méjì kan níbí, ní Òkè-Ajé, ti bi mí bóyá èèyàn lè ra irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó fi sórí "nǹkan tó wà nílé". Mo bi wọ́n pé nǹkan wo ló wà nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo máa dé orí ìyẹn náà.

Kì í ṣe lésà o

Fíìmù ti fi àṣìṣe kan sí wa lórí. Nínú fíìmù, àmì pupa á hàn ní àyà ẹni tí wọ́n fẹ́ yìnbọn fún, á wo àyà ara rẹ̀, òógùn á bò ó. Lésà nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára ìbọn lọ bá ẹni tó wà níwájú. Èyí tí à ń sọ yìí, ẹni tó di ìbọn mú nìkan ló ń rí i.

Gílóòbù kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀, bátìrì bíi ti aago ọwọ́ ló ń gbé e. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa sára gíláàsì kan tó tẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti fi nǹkan kun ara gíláàsì yìí tó fi jẹ́ pé ó ń dá àwọ̀ pupa yẹn padà sí ojú ẹni tó ń wò ó, ó sì ń jẹ́ kí àwọn àwọ̀ yòókù kọjá. Nítorí bí gíláàsì náà ṣe tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà ń wọ ojú bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Ojú á wá rí àmì náà bíi pé ó wà lọ́ọ̀ọ́kán, lára ohun tí èèyàn fojú sùn, kì í ṣe lórí gíláàsì tó wà níwájú imú rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Howard Grubb, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń ṣe awò awòràwọ̀ ní Dublin, ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1900. Àwọn ará Jámánì ti fi irú rẹ̀ sára ọkọ̀ òfuurufú ogun ní 1918. Èyí tó ń lo bátìrì, tó jọ ti òde òní, ilé iṣẹ́ Aimpoint ti Sweden ló gbé e jáde ní 1975. Ó pẹ́ kí ó tó dé orí ìbọn ìléwọ́, nítorí pé ìbọn ìléwọ́ máa ń lu gíláàsì náà bí ẹni ń lu ìlù. Trijicon, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, gbé RMR wọn jáde ní 2009. Ní 2015, Glock ti ilẹ̀ Austria bẹ̀rẹ̀ sí ta ìbọn tí wọ́n ti gé àyè rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní MOS. Láti ìgbà yẹn ló ti di nǹkan ojoojúmọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ ò ju ọ̀rọ̀ ojú lọ. Ìbọn ìléwọ́ tí kò ní àmì pupa ní irin kékeré kan lẹ́yìn tó ní àlàfo láàárín, àti òmíràn níwájú. Ẹ ní láti tò wọ́n sórí ìlà kan náà, kí ẹ sì tún máa wo ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ojú èèyàn ò lè rí nǹkan mẹ́ta tí jíjìnnà wọn yàtọ̀ síra kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ nàka yín síwájú báyìí, kí ẹ wo ìka náà, kí ẹ wá wo ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rí i? Ọ̀kan á ṣe bàìbàì. Tí èèyàn bá ti lé ní ogójì ọdún, wíwo nǹkan ìtòsí á tún wá le sí i. Àmì pupa sọ nǹkan mẹ́ta di ẹyọ kan: ẹ wo ohun tí ẹ fojú sùn, àmì á wá bá yín níbẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ní astigmatism, irú èyí tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wọ awò, lè rí àmì náà bí ìràwọ̀ tàbí bíi pé ó nírù. Ojú ló fà á, gíláàsì ò bàjẹ́.

Àwa àti ojú ìbọn

Mo bi ọdẹ àgbà kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó pé, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń fojú sùn ún?" Ó wò mí bíi pé mo bi í bí ó ṣe ń jẹun. Ó ní, "Ọmọ mi, ojú kọ́ ló ń yìnbọn, ara ni. Ìbọn á mọ èjìká rẹ." Ìbọn alẹ́nu méjì tirẹ̀ ní ẹyọ irin róbótó kan lẹ́nu bí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí òmíràn lẹ́yìn. Ṣakabùlà ò tiẹ̀ sábà ní ìyẹn. Wọn ò sì nílò rẹ̀ púpọ̀, torí pé ọta kéékèèké tó ń fọ́n ká ni wọ́n ń lò, ibi tó sún mọ́ra ni wọ́n sì ti ń yìn ín. Ìbọn tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run lọ́jọ́ Ojúde Ọba, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń wọlé wá kí Awùjalẹ̀, kò nílò ojú kankan. Ariwo ni iṣẹ́ tiẹ̀.

Ìjẹ̀bú ò ṣàjèjì sí ìbọn. Nígbà ogun Yorùbá ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀nà tiwa, láti ọ̀sà lọ sókè, wà lára ọ̀nà tí ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jà. Àwọn bàbá wa mọ iye tí wọ́n ń tà á. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá láti Èkó, tí wọ́n sì kọjá odò Yemọjí, ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn jagunjagun Ìjẹ̀bú, iye wọn sì ju ti àwọn tó wá bá wọn jà lọ fíìfíì. Maxim ló ṣẹ́gun wọn, ìbọn tó ń yọ ọta tó lé ní 500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde láàárín ọjọ́ méjì. Tí ẹ bá gbọ́ "ogun Ìmàgbọ̀n", òun nìyẹn. Mo mẹ́nu kàn án torí pé àwọn kan rò pé ìbọn ni ìbọn, pé ohun tí wọ́n fi kún un ò já mọ́ nǹkan kan.

Bí wọ́n ṣe ń dè é

Irin òkè ìbọn ìléwọ́ ìgbàlódé, tí wọ́n ń pè ní slide, kì í dúró sójú kan. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ìbọn bá dún, irin yẹn á sá sẹ́yìn tipátipá, á ju ìkarahun ọta sílẹ̀, á gbá ẹ̀yìn, spírìn á tì í padà, á tún gbá iwájú. Gbogbo rẹ̀ ò tó kí èèyàn ṣẹ́jú. Orí irin tó ń sá lọ sá bọ̀ yìí gan-an ni wọ́n de gíláàsì mọ́. Skúrù méjì ló sábà máa ń dì í mú, wọn kì í sì í nípọn ju bíi 4 mm lọ.

Ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour", ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ de gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin lónìí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀kan ti sọnù sínú gọ́tà. Ta ló tú u? Kò sẹ́ni tó tú u. Gbígbọ̀n ló tú u.

Ohun tó ń mú kí skúrù di nǹkan mú kò hàn sójú. Tí ẹ bá fún un dáadáa, ó máa ń nà díẹ̀, bíi rọ́bà tí a fà. Bó ṣe ń gbìyànjú láti padà sí gígùn rẹ̀ ló fi ń fún nǹkan méjèèjì mọ́ra. Tí ẹ ò bá fún un tó, kò nà, kò sì ní agbára. Gbígbọ̀n á máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi jáde. Tí ẹ bá fún un jù, á nà kọjá ibi tó ti lè padà, orí rẹ̀ á já, tàbí kí eyín inú ihò náà bó. Mẹkáníìkì tó máa ń sọ pé "jẹ́ n fún un gidi" kì í ṣe ọ̀rẹ́ skúrù kékeré.

Ohun mìíràn tún wà. Skúrù mọ bí a ṣe ń fa nǹkan mọ́lẹ̀, kò mọ bí a ṣe ń gba ìkọlù láti ẹ̀gbẹ́. Tó bá jẹ́ pé skúrù nìkan ló ń dá gíláàsì dúró nígbà tí slide bá ń sá, á já lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé àyè tó ṣe rẹ́gí sínú irin náà, tí gíláàsì á jókòó sínú rẹ̀ láìsí ìyàgbà síwájú tàbí sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ tún ní irin kéékèèké tó yọ sókè bí èso, tó ń wọ ihò nísàlẹ̀ gíláàsì. Ògiri àyè yẹn àti àwọn irin wọ̀nyí ló ń gba ìkọlù. Skúrù kàn ń dì í mọ́lẹ̀ ni.

Nítorí náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà fi sí i ṣe pàtàkì. Èyí tó lágbára jù ni kí oníṣẹ́ irin fi ẹ̀rọ gé àyè sára slide fún irú gíláàsì kan pàtó. Àmọ́ tí ẹ bá yí ọkàn padà lọ́la, tí ẹ fẹ́ irú mìíràn, àyè náà ò ní bá a mu, torí pé ihò skúrù ilé iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ìbọn wá pẹ̀lú àyè tó fẹ̀, kí wọ́n fi àwo irin pẹlẹbẹ kan sáàárín, àwo tó bá irú gíláàsì yẹn mu. Èyí tó rọrùn jù, tó sì yẹpẹrẹ jù lójú tèmi, ni kí wọ́n yọ irin ìwòran ẹ̀yìn kúrò, kí wọ́n ki irin tó ru gíláàsì sí ojú rẹ̀. Ó ga jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kéré.

Ti àbúrò mi, àwo irin ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà. Tí àwo bá wà, ìdè méjì ló wà níbẹ̀: àwo mọ́ slide, gíláàsì mọ́ àwo. Ó ti fún skúrù gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ń mì. Mo ní kó tú gíláàsì kúrò pátápátá kó wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó pè mí padà: "Ẹ̀gbọ́n, àwo ló tú! Òróró kún inú ihò." Ṣọ́ọ̀bù yẹn dè é sórí òróró tí wọ́n fi ń pa ìbọn lára láti ilé iṣẹ́, wọn ò nù ún, wọn ò fi gọ́ọ̀mù sí i. Ẹni tó bá ń wo òkè nìkan ò lè rí i láé, torí pé gíláàsì fúnra rẹ̀ ló bo skúrù àwo.

Bó ṣe tún un ṣe nìyí, ó sì bá ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ náà ń sọ mu. Ó kọ́kọ́ yọ àpótí ọta kúrò, ó fa slide sẹ́yìn, ó fi ojú wo inú ihò ọta, ó tún fi ìka kàn án pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó kó gbogbo ọta kúrò nínú yàrá náà. Ẹ má rò pé àṣejù ni o. Ìbọn tí "kò sí ọta nínú rẹ̀" ni ọ̀pọ̀ ìròyìn burúkú tí èmi fúnra mi ti kọ dá lé lórí.

Lẹ́yìn náà ló fi spírítì nu ihò skúrù, skúrù, àwo àti abẹ́ gíláàsì, títí aṣọ fi ń jáde ní mímọ́. Ó wọn gígùn skúrù. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: skúrù tó kúrú jù á di eyín díẹ̀ péré mú, èyí tó gùn jù á yọ lábẹ́, á sì lọ fún ẹ̀yà ìbọn mìíràn pa. Lára Glock, abẹ́ ihò skúrù ọwọ́ ọ̀tún ni irin kan ń gbà kọjá, irin tó ń ran èyí tó ń fa ìkarahun ọta jáde lọ́wọ́. Skúrù tó gùn jù á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìbọn á sì máa há. Ẹni náà á máa bú ọta, á máa bú ìbọn, skúrù kan ló fà á.

Ó wá kan gọ́ọ̀mù skúrù, aláwọ̀ búlúù. Pupa wà, ẹ má lò ó, iná ni wọ́n fi ń tú u, iná á sì ba gíláàsì jẹ́. Ẹ̀kán kékeré kan lára eyín skúrù tó. Tó bá pọ̀ jù, á ṣàn lọ síbi tí kò yẹ. Kò gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ wákàtí 24 kí ẹnikẹ́ni tó yin ìbọn náà.

Báwo ni ká ṣe fún un tó? Ìwé tó bá gíláàsì wá ló ń sọ iye rẹ̀, òun sì ni kí ẹ tẹ̀lé. Ọ̀pọ̀ máa ń wà láàárín 10 sí 15 inch-pound. Kí nìyẹn? Ẹ mú rúlà ẹsẹ̀ bàtà kan, irú èyí tí a lò ní iléèwé. Ẹ ronú pé ẹ fi ìdí rẹ̀ kan skúrù kan, kó dúró gbọnrangandan sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wá gbé ọ̀rá pure water kan kọ́ sí orí rẹ̀ kejì. Pure water tó kún wúwo tó ìdajì kílò. Agbára tó ń yí skúrù yẹn á wà ní nǹkan bíi 13 inch-pound. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ọwọ́ mẹkáníìkì tó ń tú táyà lè fi ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ sí i láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é dáadáa fi ń lo ohun ìfún tó ń wọn agbára, tó ń ṣe "kẹ̀" tó bá ti tó. Ẹ fún ọ̀kan díẹ̀, ẹ bọ́ sí èkejì, ẹ tún padà, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà ga ju èkejì lọ.

Ohun tó kẹ́yìn nínú dídè náà ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ó rọrùn, kò sì náni ní nǹkan kan. Ó fi kùn funfun fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí skúrù dé ara gíláàsì. Tí skúrù bá yí díẹ̀ báyìí, ìlà náà á já sí méjì. Ojú ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, kò nílò sípánà. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe náà ń lo irú ìlà yìí. Ẹ lè lò ó lára jẹnẹrétọ̀ yín.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo lórí skúrù tíntín? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Gíláàsì náà gùn tó bíi 45 mm. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbé sókè ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, èyí tó tó bébà kan péré, àmì á yà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ààbọ̀ ní mítà 25. Tó bá gbé sókè ní ìdajì mìlímítà, ó ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 27. Ìyẹn ni pé àmì á wà lára páálí, ọta á lọ bá ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí. Àmì náà ò sì ní kìlọ̀ fún yín. Á máa tàn bó ṣe ń tàn.

Lẹ́yìn dídè ni títọ́ ọ. Wọ́n á gbé ìbọn sórí àpò iyanrìn, wọ́n á yin ọta mẹ́ta sí márùn-ún láti mítà 10 tàbí 15, wọ́n á wo ibi tí ọta kó jọ sí, wọ́n á sì yí ìdè kéékèèké méjì ara gíláàsì, ọ̀kan fún òkè àti ilẹ̀, èkejì fún ọ̀tún àti òsì, títí àmì á fi bá ọta. Bó bá ti di ọta 50 tàbí 100 àkọ́kọ́, wọ́n á tún yẹ ìlà funfun wò. Àwọn gíláàsì kan wà tí bátìrì wọn wà lábẹ́, tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ tú gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó pààrọ̀ bátìrì, kí ẹ sì tún un tọ́ lákọ̀tun. Èmi ò ní ra irú ẹ̀ láé, àmọ́ owó mi kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé

Mo padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ajé. Ìbọn ìléwọ́, yálà ti ìgbàlódé tàbí ti àgbẹ̀dẹ, wà lára ìbọn tí òfin Nàìjíríà kà léèwọ̀. Òfin ìbọn ti 1959 ló wí bẹ́ẹ̀, ó sì ṣì wà nílẹ̀. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fúnni láṣẹ láti ní in. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lè fúnni ní ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ bíi alẹ́nu méjì; ṣakabùlà náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ ò sí nínú ìyẹn. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 ni òfin náà là sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn èèwọ̀ mọ́ lọ́wọ́. Àtúnṣe ìbọn náà wà lábẹ́ òfin yìí, torí náà kò sí mẹkáníìkì àdúgbò tó lè bá yín de ohunkóhun mọ́ ọn "níkọ̀kọ̀" kó mọ́ níbẹ̀. Ohun kan tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú òfin yẹn: kò gbà kí wọ́n fún ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa ní ìwé àṣẹ. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ojú ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jápa, tàbí tí ẹ ń palẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ yín ló jẹ mí lógún jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fòfin de ọ̀pọ̀ jù lọ ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ ará ìlú láti 1997, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa ọmọ iléèwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane ní 1996. Ọ̀rọ̀ àmì pupa ò tiẹ̀ délẹ̀ níbẹ̀.

Amẹ́ríkà ni ọ̀fìn wà. Ẹ wo fídíò àwọn ọmọ wa ní pápá ìyìnbọn ní Texas tàbí Georgia, tí wọ́n ń yin ìbọn ayálò, tí orin ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní green card bíi ti àbúrò mi lè ní ìbọn tí kò bá sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó lo físà ìgbà díẹ̀ wọlé, títí kan físà akẹ́kọ̀ọ́, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ò gbà kó fọwọ́ kan ìbọn tàbí ọta, àfi tó bá bọ́ sínú àwọn àyè díẹ̀ tí òfin náà fi sílẹ̀. Ìwé àṣẹ ọdẹ ti ibẹ̀, tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá, ni èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò nínú wọn. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15. Wọn ò béèrè bóyá tiyín ni ìbọn náà. Dídì í mú ní pápá tó láti dá ẹjọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ìlú mìíràn. Hamid Rehaif, ọmọ United Arab Emirates, lọ kàwé ní Florida. Iléèwé lé e kúrò torí pé kò ṣe dáadáa, físà rẹ̀ sì tipa bẹ́ẹ̀ kú. Ó lọ sí pápá ìyìnbọn, ó yin ìbọn níbẹ̀. Wọ́n mú un, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tó sọ ní oṣù kẹfà 2019 pé àfi kí ìjọba fi hàn pé ó mọ̀ pé òun wà lára àwọn tí òfin kọ̀ fún. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka àpilẹ̀kọ yìí dé ibí, kò sẹ́ni tó lè bá yín gba ọ̀nà yẹn mọ́, torí ẹ ti mọ̀.